Subdomain tàbí subfolder: bí a ṣe ń yan ibi tí ojú-ìwé tuntun yóò wà

Ẹni tó ń ta gàrí Ìjẹ̀bú lórí íntánẹ́ẹ̀tì láti Ìjẹ̀bú-Òde kò ní pẹ́ tí yóò fi fẹ́ kọ bí wọ́n ṣe ń se ìkọ́kọrẹ́, kí àwọn tó ń wá oúnjẹ náà lè tibẹ̀ dé ìdí gàrí. Ibi méjì ló lè kó o sí. Subfolder ni orukotire.com/ilana, yàrá kan nínú ilé. Subdomain ni ilana.orukotire.com, ṣọ́ọ̀bù tó ní ilẹ̀kùn tirẹ̀ sí títì.

John Mueller, òṣìṣẹ́ Google tó ń bá àwọn onííkànnì sọ̀rọ̀, sọ ní 2017 pé kò sí èyí tí Google kò lè bá ṣe nínú méjèèjì. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń fi iṣẹ́ yìí jẹun ò gbà. Wọ́n ní subfolder ló ń tètè gbérí nínú èsì Google. Èmi ò bá wọn dá sí ìjà yẹn. Subfolder ni wàhálà rẹ̀ kéré, òun ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ wo oníbàárà. Bó bá jẹ́ ẹni tó ń ra gàrí ló máa ka ìlànà ìsebẹ̀, ẹ fi í sínú subfolder. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá tún ń gba iṣẹ́ aṣọ àwọn rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ tó ń lọ Ojúde Ọba, tí ẹlòmíràn ń bójú tó o lórí ètò kọ̀ǹpútà ọ̀tọ̀, aso.orukotire.com tọ́ sí i. Ẹ má kàn ṣí subdomain jọ láti gba ojú-ìwé àkọ́kọ́ Google o. Láti 2019, kì í sábà fi ju èsì méjì láti ìkànnì kan hàn lókè, ó sì sábà máa ń ka subdomain mọ́ ìkànnì àgbà.

Bó bá jẹ́ subfolder, ẹ ṣí ojú-ìwé náà, ẹ fi líǹkì rẹ̀ sí mẹ́nù. Níbi tí ẹ bá ti dárúkọ ẹ̀bà tútù tí wọ́n fi ń jẹ ìkọ́kọrẹ́, ẹ fi líǹkì àpò gàrí síbẹ̀. Ó parí.

Iṣẹ́ subdomain ló pọ̀. Níbi tí ẹ ti ra orúkọ ìkànnì, ẹ fi àkọsílẹ̀ CNAME tàbí A, èyí tó ń sọ ibi tí subdomain náà wà, kún DNS, ìwé àdírẹ́sì orúkọ ìkànnì yín. Ẹ wò ó bóyá ìwé-ẹ̀rí HTTPS yín, èyí tó ń dáàbò bo ìsopọ̀ oníbàárà mọ́ ìkànnì, dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, nítorí èyí tí wọ́n ṣe fún orukotire.com nìkan kò bo aso.orukotire.com. Ẹ kọ robots.txt tirẹ̀ fún un pẹ̀lú, fáìlì tó ń sọ fún Google ibi tí kò gbọdọ̀ wọ̀: ohun tí ẹ bá kà léèwọ̀ nínú ti ìkànnì àgbà, kò kan subdomain rárá, ibí yìí ló sì ń mú ọ̀pọ̀ èèyàn. Nínú Search Console, irinṣẹ́ tí Google fi ń jẹ́ kí ẹ rí bí ìkànnì yín ṣe ń ṣe nínú èsì rẹ̀, ẹ yan Domain dípò URL prefix tó ń wo àdírẹ́sì kan ṣoṣo. Ẹ ó fi àkọsílẹ̀ TXT kan, ẹ̀rí pé ẹ̀yin lẹ ni ìkànnì náà, sínú DNS, gbogbo subdomain yín á sì wà lójú kan.

Bí ẹ bá ti wà lórí subdomain tí ẹ fẹ́ kó wọ subfolder, ẹ fi redirect 301, ìdarí tó wà títí, darí ojú-ìwé kọ̀ọ̀kan sí ojúgbà rẹ̀; ẹ má da gbogbo wọn sí ojú-ìwé àkọ́kọ́. Ẹ tún àwọn líǹkì àti sitemap, àkójọ àdírẹ́sì àwọn ojú-ìwé yín, ṣe, kí redirect náà sì wà níbẹ̀ fún ọdún kan, ó kéré tán. Ipò yín lórí Google lè máa lọ sókè sódò fún ìgbà díẹ̀, nítorí náà ẹ má kó ìkànnì aṣọ nígbà tí Iléyá bá ń sún mọ́lé. Ọjọ́ kẹta Iléyá ni Ojúde Ọba. Ẹ jẹ́ kí ọdún kọjá ná.