Gbígbin igi ibòòji sí òpópónà ẹ́sítéètì ní Ìkòròdú

Ẹni tó bá ti rìn ní Ìkòyí tàbí GRA Ìkẹjà lọ́sàn-án gangan á mọ̀ pé oòrùn ibẹ̀ kò rí bí oòrùn ibòmíràn. Owó nìkan kọ́ ló fà á. Nígbà tí ìjọba òyìnbó amúnisìn ń la àdúgbò wọ̀nyẹn, wọ́n fi àyè sílẹ̀ láàárín títì àti ilé, inú àyè náà ni igi ti rí ibi dàgbà. Ní Ìkòròdú, ẹ́sítéètì tuntun ń hù lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n fẹ́ǹsì ń fara kan gọ́tà, gọ́tà ń fara kan títì, igi ò ríbi dúró sí.

Nítorí náà, àyè ni kí ẹ kọ́kọ́ wá, kì í ṣe igi. Tí ilé ò bá tíì pọ̀ lójú òpó, kí ẹgbẹ́ lándílọ́ọ̀dù fẹnu kò pé kí oníkálùkù fa fẹ́ǹsì rẹ̀ sẹ́yìn ní ẹsẹ̀ bàtà 6 sí gọ́tà. Ẹ kọ ọ́ sínú òfin ẹ́sítéètì, kí ẹni tó bá ra ilẹ̀ lẹ́yìn má baà sọ pé òun ò gbọ́. Tí fẹ́ǹsì bá ti wà níta tán, inú ọgbà ni igi yóò dúró: èyí tí kì í tóbi, ní ẹsẹ̀ bàtà 5 sí ògiri iwájú, kí orí rẹ̀ lè yọ sójú títì.

Plọ́ọ̀tì tí wọ́n ń tà níbí, ẹsẹ̀ bàtà 60 sí 120, sábà máa ń fi 60 kojú títì. Igi tó ń ta ẹ̀ka gbòòrò fẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 30 láàárín ara wọn. Òpópónà tó ní plọ́ọ̀tì 10 lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 600. Igi 20 ló gbà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, 40 lápapọ̀. Ẹ má jẹ́ kí igi méjì kojú ara wọn. Kí ti ọwọ́ òsì bọ́ sí agbedeméjì àwọn méjì ọwọ́ ọ̀tún, ibòòji á kárí. Ẹ jìnnà sí géètì ní ẹsẹ̀ bàtà 10, kí ẹni tó ń gbé mọ́tò jáde lè rí ọ̀nà.

Gbòǹgbò a máa wá omi kiri. Igi ńlá tí kò bá jìnnà tó ẹsẹ̀ bàtà 25 sí sókàwéè lè ta gbòǹgbò wọ inú rẹ̀ bó pẹ́ bó yá, ọ̀dán ló sì burú jù nínú ìwà yìí. Lábẹ́ wáyà iná, ẹ gbin ọsàn wẹ́wẹ́ tàbí gúáfà tí ẹ lè máa gé kó má kọjá ẹsẹ̀ bàtà 15. Èyí tó bá ga jù bẹ́ẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ iná á wá bẹ́ ẹ lórí, igi tí wọ́n bá sì ti bẹ́ lórí kì í padà rẹwà.

Fúrúùtù ni ọ̀pọ̀ ń sáré gbìn, torí ó ń yára dàgbà, ẹ̀ka rẹ̀ sì tẹ́ pẹrẹsẹ bí agboòrùn. Igi dáadáa ni, ṣùgbọ́n gbòǹgbò rẹ̀ ń gbé íńtálọ́ọ̀kì sókè, ewé ńláńlá rẹ̀ sì ń dí gọ́tà nígbà tó bá wọ́wé. Pápá tàbí ibi ìpàdé ẹ́sítéètì ló yẹ ẹ́. Máńgòrò náà bẹ́ẹ̀. Ẹ fún un ní ẹsẹ̀ bàtà 30 sí ilé. Dóńgóyárò ń fara da ọ̀gbẹlẹ̀ dáadáa. Ibi tóóró ni ti igi tí àwọn olódòdó ń pè ní masquerade, tí ewé rẹ̀ ń wọ́ sílẹ̀ bí agọ̀ eégún: ó ń ga, kì í gbòòrò, ṣùgbọ́n ibòòji rẹ̀ kéré.

Èyí tí a fẹ́ràn jù fún ẹ̀gbẹ́ fẹ́ǹsì ni akòko. Ilẹ̀ wa ló ti wá, kì í gba àyè púpọ̀, òdòdó àwọ̀ àlùkò rẹ̀ ń dùn ún wò, ọ̀pá rẹ̀ tí a gé tá a rì mọ́lẹ̀ lásìkò òjò á sì hù láìná owó kankan. Ewé tí a fi ń joyè wá ń bẹ lẹ́nu ọ̀nà onílé, kí ló tún kù?

Ẹ má gbin irú kan ṣoṣo jákèjádò òpó. Irú mẹ́ta tàbí mẹ́rin ni kó jẹ́, torí kòkòrò tó bá dé fún ọ̀kan lè kó gbogbo rẹ̀ lọ. Ẹ má sì gbin àgbọn síbi tí mọ́tò ń dúró sí.

Oṣù Karùn-ún sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹfà ló dára jù láti gbìn. Òjò ti mú ilẹ̀ rọ̀, igi á sì rí nǹkan bí oṣù márùn-ún ta gbòǹgbò kí ọ̀gbẹlẹ̀ tó wọlé ní oṣù Kọkànlá. Lápá òkè, bí Odògùnyàn àti Ìmọ́tà, ilẹ̀ pupa ló pọ̀, ó sì ń le gbagidi lọ́gbẹlẹ̀. Ní bèbè ọ̀sà, bí Ìpakodò àti Báyékù, omi wà nítòsí ojú ilẹ̀. Ẹ gbẹ́ ihò kan wò, ẹ rọ omi kún un. Tí omi bá ṣì wà níbẹ̀ lọ́jọ́ kejì, ẹ kọ ebè tó ga tó ẹsẹ̀ bàtà 1, orí rẹ̀ ni kí ẹ gbin igi sí.

Kí ihò fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 2, kó jìn ní 2. Ilẹ̀ dúdú tòkè lọ́tọ̀, ilẹ̀ pupa tìsàlẹ̀ lọ́tọ̀. Ẹ po ìgbẹ́ adìyẹ tó ti jẹrà, páànù lébìrà kan, mọ́ ilẹ̀ dúdú. Tútù rẹ̀ ń jó gbòǹgbò, nítorí náà ẹ kó o jọ, ẹ bò ó fún oṣù méjì títí òórùn rẹ̀ á fi lọ. Ẹ ya ọ̀rá kúrò lára igi, ẹ wo ìsàlẹ̀: gbòǹgbò tó ti ń yí po bí òkùn, ẹ gé e, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, á fún igi náà lọ́rùn tó bá dàgbà. Ibi tí igi ti pàdé gbòǹgbò gbọ́dọ̀ bá ojú ilẹ̀ dọ́gba. Èyí tí ẹ bá rì jù bẹ́ẹ̀, ìdí rẹ̀ á jẹrà. Ẹ fi ọparun tì í, kí ẹ fi àkísà dè é, kì í ṣe wáyà. Ẹ ṣe ọgbà ọparun yí i ká, kó ga tó ẹsẹ̀ bàtà 4, nítorí ewúrẹ́.

Àìrómi mu ló ń pa igi tuntun jù. Lọ́gbẹlẹ̀, igi kan fẹ́ lítà 20 lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, fún ọ̀gbẹlẹ̀ méjì àkọ́kọ́. Igi 40 á mu lítà 1,600 lọ́sẹ̀ kan. Tí bohóòlù yín kò bá gbé e, ẹ gbin 15 lọ́dún yìí, kí ìyókù dúró di ọdún tó ń bọ̀. Ẹ pín igi fún ilé, kí ilé kọ̀ọ̀kan mọ tirẹ̀. Igi gbogbo ẹgbẹ́ kì í ní ẹni tó ń bomi rin ín. Ẹ fi koríko gbígbẹ bo ìdí rẹ̀, ṣùgbọ́n kó jìnnà sí ara igi ní ìbú ọwọ́ kan.

Nígbà tí wọ́n bá ń to íńtálọ́ọ̀kì, kí wọ́n fi ẹsẹ̀ bàtà 4 níbùú lóròó sílẹ̀ ní ìdí igi kọ̀ọ̀kan. Wọ́n máa ń fi sìmẹ́ǹtì dí i pa kó lè mọ́ tónítóní, lẹ́yìn ọdún díẹ̀ igi á gbẹ látòkè wá. Ẹni tó ń dáná sun ìdọ̀tí ní ìdí igi ń pa á ni.

Àwọn tó ń bẹ̀rù ejò àti olè kò jẹ̀bi. Ẹ gé ẹ̀ka ìsàlẹ̀ títí abẹ́ igi á fi là tó ẹsẹ̀ bàtà 8 lẹ́bàá ọ̀nà, 15 lójú títì, ẹ má sì jẹ́ kí ẹ̀ka kankan gbára lé fẹ́ǹsì. Oṣù Kejìlá sí oṣù Kìn-ín-ní ni kí ẹ gé e, ṣáájú ìjì oṣù Kẹta. Bí ẹ bá fẹ́ gé odindi igi lulẹ̀, àṣẹ LASPARK, àjọ ìpínlẹ̀ Èkó tó ń mójú tó igi àti ọgbà ìgbafẹ́, ni kí ẹ kọ́kọ́ gbà.

Ẹ̀ka ńlá, ẹ kọ́kọ́ fi ayùn gé e lábẹ́ dé ìdá kan nínú mẹ́ta, ní ẹsẹ̀ bàtà 1 sí ara igi, lẹ́yìn náà kí ẹ gé e látòkè, díẹ̀ síwájú ibẹ̀, lápá ṣóńṣó ẹ̀ka. Á já láìbó èèpo ara igi. Kùkùté tó kù, ẹ gé e níbi tó ti wú díẹ̀ lára igi. Ẹ má gé e wọnú ara.