Ohun tó ń pèsè iná, àti ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti ń dáni dúró lókè Ọya

Kí ẹ tó náwó sórí sólà tàbí jẹnẹrétọ̀ ní Àbújá, ẹ kọ́kọ́ mọ bí iná ṣe ń jáde lára ohun tí ẹ fẹ́ rà. Ibẹ̀ gan-an ni àbùkù rẹ̀ wà.

Yàtọ̀ sí sólà, iṣẹ́ kan náà ni gbogbo wọn ń ṣe: òòfà ń yí láàárín wáyà bàbà, iná sì ń ṣàn nínú wáyà náà. Ohun tó ń yí i ló yàtọ̀. Ní dáàmù Kainji àti Jẹ́bà, omi Odò Ọya ni. Ní Shiroro, omi odò Kàdúná. Ẹnikẹ́ni kì í ra omi bí epo, àmọ́ bí ẹ̀ẹ̀rùn bá pẹ́, omi dáàmù a fà, iná a sì dín kù. Ní Geregu ní ìpínlẹ̀ Kogí, gáàsì ni wọ́n ń dáná sí, páìpù ló sì ń gbé e wá láti ìsàlẹ̀ gúúsù. Páìpù bẹ́, iṣẹ́ dúró. Afẹ́fẹ́ náà lè yí i, wọ́n ri tọ́báìnì (ẹ̀rọ alábẹ̀bẹ̀ ńlá) 37 mọ́lẹ̀ ní Rimi ní Katsina nítorí ẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe nǹkan tí à ń gbé sórí òrùlé ilé ní Gwarinpa ní Àbújá.

Jẹnẹrétọ̀ ń mú iná wá kíákíá, epo ló ń jẹ owó. Ẹ gbé e jìnnà sí fèrèsé, ó kéré tán mítà 6, torí gáàsì kan wà nínú èéfín rẹ̀ tí kò lóòórùn, tó sì ń pa èèyàn sójú oorun. Ẹ máa pààrọ̀ ọ́ìlì ní wákàtí 100-100. Bí ẹ kò bá ní lò ó fún oṣù kan, ẹ fa bẹntiróòlù inú kábọ́rẹ́tọ̀ dànù, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ á dì síbẹ̀.

Sólà ní tiẹ̀, ìmọ́lẹ̀ ló ń lò, kì í ṣe ooru. Ooru tiẹ̀ ń bà á jẹ́ ni. Ìgbóná 25°C ni wọ́n fi wọn agbára tí wọ́n kọ sẹ́yìn páńẹ́lì. Bó bá ti kọjá bẹ́ẹ̀, nǹkan bí ìdá 0.4 nínú 100 ń lọ fún digíríì kọ̀ọ̀kan. Páńẹ́lì tó gbóná dé 65°C lóṣù Kẹta ti pàdánù ìdá 16. Nítorí náà, ẹ fi àyè bíi sẹ̀ǹtímítà 10 sí 15 sáàárín páńẹ́lì àti páànù kí atẹ́gùn lè gba abẹ́ rẹ̀. Ẹ kọjú rẹ̀ sí gúúsù, kó dagun díẹ̀, bíi digíríì 10 sí 15.

Ìṣirò rẹ̀ nìyí. Ẹ fi wáàtì sọ wákàtí di púpọ̀, ohun tó jáde ni wáàtì-wákàtí, ìyẹn iye iná tí ẹ lò. Gílóòbù 5 oníwáàtì 10 fún wákàtí 6 jẹ́ wáàtì-wákàtí 300. Fáànù oníwáàtì 60 fún wákàtí 10, 600. Tẹlifíṣọ̀n oníwáàtì 80 fún wákàtí 5, 400. Firíìjì kékeré á jẹ tó 1,000 lóòjọ́. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 2,300. Ínfátà (ẹ̀rọ tó ń sọ iná bátìrì di iná ilé), wáyà àti bátìrì náà ní ohun tí wọ́n ń jẹ, nítorí náà ẹ sọ ọ́ di 3,000. Oòrùn tó mú dáadáa ní Àbújá tó wákàtí 5. 3,000 tí a pín sí 5 jẹ́ wáàtì 600, ìyẹn páńẹ́lì oníwáàtì 300 méjì. Ẹ ra ẹ̀kẹta nítorí ọyẹ́.

Bí ẹ bá máa lo wáàtì-wákàtí 1,500 lóru, bátìrì olómi kò gbọ́dọ̀ lọ sísàlẹ̀ ju ìdajì, torí náà 3,000 lẹ nílò: bátìrì 12V, 150Ah méjì tó, pẹ̀lú èlé díẹ̀ (12 lọ́nà 150 jẹ́ 1,800 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan). Líthíọ́mù ṣeé lò dé ìdá 80, ẹyọ 200Ah kan ti tó, àmọ́ owó rẹ̀ ga. Omi bátìrì nìkan ni ẹ máa rọ sínú olómi, kì í ṣe omi ẹ̀rọ, kì í sì í ṣe ásíìdì. Inú ilé tó tutù ni kó wà. Bí ìgbóná bá fi digíríì 10 lé, ọjọ́ ayé rẹ̀ lè já sí ìdajì.

Nígbà ọyẹ́, ẹ máa fi aṣọ rírọ̀ àti omi nu páńẹ́lì lọ́sẹ̀-lọ́sẹ̀, láàárọ̀ kùtù. Omi tútù lórí gíláàsì gbígbóná lè là á. Ẹ sì wo òjìji táǹkì omi àti ẹ̀ka máńgòrò: ó lè bo páńẹ́lì kan péré, kí iná gbogbo àwọn tó so mọ́ ọn lẹ́sẹẹsẹ sì rẹ̀ sílẹ̀.