Má fi ọwọ́ ara rẹ ba ìbéèrè ààbò rẹ jẹ́

Ẹni tó sá kúrò nílùú rẹ̀ nítorí ewu, tó ní kí orílẹ̀-èdè mìíràn dáàbò bo òun, ló ń ṣe ìbéèrè ààbò. Ó máa ń dunni bí wọ́n bá dá a padà fún ẹni tó ní ẹjọ́ gidi lẹ́nu, tó jẹ́ pé bó ṣe ro ẹjọ́ náà ló ba ohun gbogbo jẹ́.

Èyí tó burú jù ni ìtàn àràbọ̀. Ejẹ́ǹtì á ní tìrẹ kò lágbára tó, kí o wá ra èyí tó ti ṣiṣẹ́ fún ẹlòmíì. Má dán an wò. Òṣìṣẹ́ tí yóò fọ̀rọ̀ wá ọ lẹ́nu wò ti gbọ́ ìtàn yẹn rí. Orúkọ nìkan ló ń yí padà. Yóò bi ọ́ pé: ilẹ̀kùn wo ni wọ́n gbà wọlé? Ta ló kọ́kọ́ gbọ́ ariwo? Níbo lo sùn mọ́jú? Ẹni tó wà níbẹ̀ á rí nǹkan sọ. Ẹni tó há ìtàn sórí á máa wo àjà. Bí irọ́ kan bá sì ti tú, òótọ́ tó kù di ohun àfura. Ní Amẹ́ríkà, ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ parọ́ pàtàkì nínú ìbéèrè rẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n ti kìlọ̀ fún un lè pàdánù gbogbo àǹfààní ìmígíréṣọ̀n títí láé.

Má méfò déètì náà. Bí o ò bá rántí, sọ pé o ò rántí; “òjò ti bẹ̀rẹ̀ nígbà yẹn” sàn ju ọjọ́ tí o kàn fi ẹnu já. Ìbéèrè ráńpẹ́ tí wọ́n bi ọ́ lọ́jọ́ tí o dé, nígbà tó ti rẹ̀ ọ́, wà nínú fáìlì. Wọn yóò gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tí o bá sọ lẹ́yìn náà.

Àwọn mìíràn á kàn sọ pé nǹkan le nílùú. Àánú lè ṣe òṣìṣẹ́ náà, kò sì ní lè ṣe nǹkan kan. Àdéhùn àgbáyé ọdún 1951 lórí ọ̀rọ̀ àwọn tó sá kúrò nílùú wọn ka ìdí márùn-ún tí wọ́n fi lè máa lé ènìyàn: ẹ̀yà, ẹ̀sìn, orílẹ̀-èdè ẹni, èrò òṣèlú, àti wíwà nínú ẹgbẹ́ àwùjọ kan pàtó, ìyẹn àwọn ènìyàn tí ohun kan náà so pọ̀ láwùjọ. Sọ ẹni tó ń lé ọ, ìdí tó fi ń lé ọ, ìdí tí ọlọ́pàá ò fi lè gbà ọ́, àti ìdí tí o ò fi lè sá lọ sí ìlú mìíràn ní orílẹ̀-èdè rẹ.

Ìtìjú ńkọ́? Obìnrin tí wọ́n fipá bá lò pọ̀ lè dákẹ́ nítorí pé ọkùnrin ni ògbufọ̀, kó wá sọ ọ́ nílé ẹjọ́ lẹ́yìn tí wọ́n ti dá ìwé rẹ̀ padà. Wọ́n á ní ó ṣẹ̀ṣẹ̀ hùmọ̀ rẹ̀ ni. Ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, o lè béèrè pé kí obìnrin fọ̀rọ̀ wá ọ lẹ́nu wò, kí ògbufọ̀ náà sì jẹ́ obìnrin. Béèrè ṣáájú ọjọ́ náà. Bí ògbufọ̀ bá sì ṣi ọ̀rọ̀ rẹ túmọ̀, dá a dúró, ì báà jẹ́ àgbà.

Má fi falẹ̀. Amẹ́ríkà fún ènìyàn ní ọdún kan péré láti ọjọ́ tó wọlé, àyàfi bí ìdí pàtàkì bá wà. Ní Yúróòpù, má yí orúkọ padà láti tún béèrè ní orílẹ̀-èdè kejì: ìtẹ̀ka rẹ ti wà nínú Eurodac, ibi tí wọ́n ń kó ìtẹ̀ka àwọn tó ń béèrè ààbò ní Yúróòpù jọ sí. Má sì padà lọ gba pásípọ́ọ̀tù tuntun lọ́wọ́ ìjọba tí o ní ó fẹ́ pa ọ́. Bẹ́ẹ̀ ni, àwọn kan ń ṣe é! Ẹni tó bá sì gbowó lọ́wọ́ rẹ lórúkọ UNHCR, àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn tó sá kúrò nílùú wọn, gbájúẹ̀ ni; ọ̀fẹ́ ni iṣẹ́ wọn.

Bí o bá kó kúrò nílé, fi àdírẹ́sì tuntun ránṣẹ́ kíá, nítorí wọ́n lè dá ẹjọ́ lẹ́yìn rẹ. Bí lẹ́tà ìkọ̀sílẹ̀ bá dé, wo iye ọjọ́ tí wọ́n fún ọ láti pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, kí o gbé e tọ lọ́yà lọ lọ́jọ́ náà gan-an, tòun ti àpòòwé rẹ̀. Òǹtẹ̀ ọjọ́ tó wà lára àpòòwé lè jẹ́ ẹ̀rí ìgbà tó tó dé ọwọ́ rẹ.