Ìpàdé àti Òde Létí Omi ní Èkó: Àwọn Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀

Ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ ṣe ìpàdé ọdọọdún rẹ̀ lóde òní, Victoria Island (VI) àti Ìkòyí ni ojú wọn máa ń kọ́kọ́ lọ. Omi dùn ún wò lóòótọ́, fọ́tò sì máa ń jáde dáadáa níbẹ̀. Ṣùgbọ́n àárọ̀ ọjọ́ Àìkú ni àwọn tó ń ṣètò máa ń lọ wo gbọ̀ngàn, nígbà tí ọ̀nà dá páropáro. Wọn ò ní pẹ́ rárá kí wọ́n tó ti Ìkẹjà débẹ̀, inú wọn á dùn, wọ́n á sanwó. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ àti wákàtí tí ìpàdé máa bọ́ sí gan-an ni kí ẹ lọ wò ó.

Afárá Third Mainland gùn tó kìlómítà 11.8, ṣùgbọ́n ta ló ń fi kìlómítà ṣírò ọ̀nà l'Ékòó? Tó bá jẹ́ pé Ìkòròdù, Agége àti Sàngó ni ọ̀pọ̀ èèyàn yín ti ń bọ̀, ẹ má fi ìpàdé sí agogo mẹ́sàn-án àárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́. Èyí tó burú jùyẹn lọ ni kí ẹ parí ní agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́, kí ẹ wá tú àwọn àgbàlagbà sínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ. Agogo mọ́kànlá sí méjì ọ̀sán sàn. Tí àlejò bá ń bọ̀ láti Ìbàdàn, ẹ yẹra fún ọjọ́ Ẹtì àkọ́kọ́ nínú oṣù, torí ìsìn òru àwọn Redeem máa ń jẹ́ kí ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn há. Ní Oṣù Kejìlá, tí àwọn ará òkè òkun bá ti dé, ẹ gbàgbé VI, àfi tí ẹ bá fẹ́ sùn síbẹ̀.

Tí àwọn èèyàn yín bá pọ̀ ní apá Ọ̀jọ́ àti Festac, Oníkan sàn ju Lekki lọ. Láti Oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023 ni rélùwéè ti ń gbé èrò láti Mile 2 dé Marina, Marina ò sì jìnnà sí Oníkan.

Àwọn kan á ní, "Ẹ jẹ́ ká wọ ọkọ̀ ojú omi." Ó dáa, ó sì máa ń yá. Ṣùgbọ́n àlọ nìkan ni ọ̀pọ̀ ń ṣètò. Ìjọba ò gbà kí ọkọ̀ elérò máa rìn lórí omi lálẹ́, nítorí náà, tí ọ̀rọ̀ ìdìbò bá fà títí ilẹ̀ fi ṣú, ẹ ti há nìyẹn. Tarkwa Bay tún le jù, torí ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n ń wọ̀ débẹ̀. Ẹ fojú inú wo màmá kan tó wé gèlè, tó wọ bàtà gogoro, tó dúró lórí pákó èbúté: ọkọ̀ ń mì, ọmọkùnrin awakọ̀ na ọwọ́ sí wọn, ó sì ń bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fi jákẹ́ẹ̀tì tí kì í jẹ́ kéèyàn rì lé orí léèsì olówó ńlá. Ẹ sọ fún wọn ṣáájú ọjọ́ náà.

Afẹ́fẹ́ lẹni tí wọn kì í ránṣẹ́ pè tó sì máa ń wá. Tó bá di ọ̀sán létí òkun, á bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́: ìwé ètò á fò lọ, iná gáàsì alásè á máa kú lábẹ́ ìkòkò, máìkì á máa hó débi pé kò sẹ́ni tó máa gbọ́ ìjábọ̀ akápò (bóyá ohun tí akápò ń fẹ́ nìyẹn). Irin kánópì kì í dúró nínú yanrìn. Ẹ ní kí wọ́n so ó mọ́ àpò yanrìn tó wúwo. Ní ti òjò Oṣù Kẹfà àti Keje, ẹ má wo òrùlé gbọ̀ngàn nìkan, ojú pópó VI ni omi ti máa dá àlejò yín dúró.

Ẹ tún mọ ibi tí ọkọ̀ máa dúró sí, kí LASTMA, àwọn tó ń darí ọkọ̀ lójú pópó Èkó, má baà wọ́ ti àlejò lọ.

Ní ti owó, ẹ má san gbogbo rẹ̀ tán lẹ́ẹ̀kan náà. Ní ọdún 2024, ọ̀nà etíkun tó ń lọ sí Calabar gba etíkun Landmark kọjá, wọ́n sì wó ọ̀pọ̀ ilé ìgbafẹ́ tó wà níbẹ̀. Ẹ béèrè bóyá owó dísẹ́ẹ̀lì wà nínú iye tí wọ́n dá, èló ni wọ́n ń gbà tí ẹ bá kọjá àkókò, àti bóyá wọ́n máa gba alásè tiyín. Kí wọ́n kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, torí ẹni tó bá yín dúnàádúrà lónìí lè ti fiṣẹ́ sílẹ̀ kọ́jọ́ òde tó pé.