Ọjọ́ àṣà ń bọ̀: ẹ má tíì dá owó ankara

Ẹ̀yin òbí wa, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ o. Kò sẹ́ni tó bi mí, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ kí ẹnì kan tó ní ká ra aṣọ kan náà fún gbogbo ọmọ nítorí ọjọ́ àṣà ilé-ìwé wa. Ìlọrin la wà! Yorùbá, Fúlàní, Hausa, Núpé àti Bàrùbá lè pàdé nínú kíláàsì kan ṣoṣo. Kí oníkálukú wọ ti ilé rẹ̀, kí á sì yá a lọ́wọ́ ìyá àgbà. Òfì dára, àmọ́ ó wúwo, ó sì ń mú ooru. Fìlà tàbí ìborùn òfì ti tó ọmọ kékeré. Ẹ kọ orúkọ ọmọ sínú aṣọ, pàápàá èyí tí ẹ yá.

Àsìkò ìkórè nìyí, iṣu tuntun àti ẹ̀pà ti wà lọ́jà. Ẹni tó bá fẹ́ gbé wàrà wá, kó dín in láàárọ̀ ọjọ́ náà gan-an, torí ó tètè ń bàjẹ́. Ẹ kọ́kọ́ bi olùkọ́ bóyá ọmọ kan wà tí ẹ̀pà kì í bá lára mu.

Èyí tó wù mí jù: ká bẹ ìyá amọ̀kòkò kan láti Òkelele, àdúgbò àwọn amọ̀kòkò ní Ìlọrin níbí, kó wá mọ ìkòkò níwájú àwọn ọmọ, kí àwọn náà fọwọ́ kan amọ̀. Ẹ san owó iṣẹ́ fún un o, kì í ṣe "ẹ ṣé" lásán. Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan mú aṣọ ògbólógbòó kan dání fún ìyẹn.