Yíyọ páwà kúrò lára sítíárìn Mazda MX-5: inú ráàkì niṣẹ́ wà, kì í ṣe ara bẹ́líìtì

Páwà ni ẹ̀rọ ọlọ́ọ́ìlì tó ń ran ọwọ́ lọ́wọ́ láti yí sítíárìn. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí ẹ sáà já bẹ́líìtì páwà dànù kí ẹ máa wa ọkọ̀ yín lọ, ẹ má dá a lóhùn. Ọkọ̀ tí wọ́n já bẹ́líìtì rẹ̀ lásán, tí ọ́ìlì ṣì kún inú ráàkì (ọ̀pá eléyín tó ń yí táyà iwájú, pẹ̀lú páìpù tó bò ó), máa ń le ju ọkọ̀ tí kò ní páwà láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣe é lọ. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá yí sítíárìn, ọwọ́ yín ló ń ti ọ́ìlì yẹn láti ẹ̀gbẹ́ kan ráàkì bọ́ sí ìkejì, gba inú páìpù tóóró, gba inú fáàfù. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ wá di pọ́ǹpù. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù lójú ọ̀nà Ìkìrun ní Òṣogbo pé, "Ẹ̀gbọ́n, páwà tí mo yọ yìí fẹ́ yọ mí léjìká," ohun tí ọ̀pọ̀ wọn ṣe nìyẹn.

MX-5 àkọ́kọ́ ni mo fẹ́ fi ṣàlàyé, èyí tí iná iwájú rẹ̀ máa ń dìde bí ẹ bá tàn án, tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè ní Miata. Ọdún 1989 ni wọ́n gbé e jáde. Kò wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa, ṣùgbọ́n tòkunbọ̀ rẹ̀ máa ń yọjú lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ọkọ̀ fúyẹ́fúyẹ́ ni, bíi tọ́ọ̀nù kan péré, táyà ẹ̀yìn ló sì ń tì í lọ. Wọ́n ta òmíràn nínú wọn láìfi páwà sí i rárá, ìyẹn ló jẹ́ kí n mọ̀ pé ara rẹ̀ gba ohun tí a fẹ́ ṣe yìí. Bó bá jẹ́ Honda S2000 lẹ ní, ẹ má wulẹ̀ dán an wò: mọ́tò iná ló ń ran sítíárìn tiẹ̀ lọ́wọ́, kì í ṣe ọ́ìlì, kò sì sí ohun tí mo fẹ́ sọ níbí tó kàn án. Bó bá sì jẹ́ jíìpù ńlá, kí lẹ fẹ́ fi ṣe? Ẹ lọ tún hóòsì tó ń jò ṣe, ó tán.

Kí wá ni èrè rẹ̀? Pọ́ǹpù yẹn ń jẹ díẹ̀ nínú agbára ẹ́ńjìnnì, hóòsì rẹ̀ ń gbó, ó ń jò. Ṣùgbọ́n kì í ṣe nítorí ìyẹn ni mo ṣe ń gbà fún àwọn oníbàárà. Ọwọ́ ni. Bí táyà iwájú bá fẹ́ yọ̀ lórí ọ̀dà tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ pa, àtẹ́lẹwọ́ yín á ti mọ̀ kí ojú tó rí i. Ferrari F40 tó jáde ní 1987 kò ní páwà, Lotus Elise náà kò ní in, kì í sì í ṣe pé owó ló wọ́n àwọn tó ṣe wọ́n.

Ohun kan wà tí ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ kí ẹ tó na owó. Ráàkì MX-5 tí kò ní páwà láti ilé-iṣẹ́, bíi 18 sí 1 ni ìyípo rẹ̀, ìyẹn ni pé bí ọwọ́ bá yí ìwọ̀n 18, táyà á yí ìwọ̀n 1. Ti páwà jẹ́ bíi 15 sí 1. Ìyẹn ni pé ráàkì páwà tí a yọ páwà rẹ̀ á yára yí táyà ju ti ilé lọ, á sì wúwo jù ú lọ. Èmi fẹ́ràn ìyára yẹn. Ẹni tí kò bá fẹ́ kí apá ro òun nígbà tó bá ń páàkì, kó wá ráàkì tí kò ní páwà láti ilé lọ sí ọjà Ladípọ̀ l'Ékòó, bó bá rí i.

Ọ́ìlì la kọ́kọ́ ń fà jáde. Ẹ gbé iwájú ọkọ̀ sókè, kí ẹ fi ẹsẹ̀ irin gbé e ró lábẹ́. Ẹ má fi jáàkì nìkan dá a dúró, ẹ má sì fi búlọ́ọ̀kù ilé tì í, torí búlọ́ọ̀kù kì í sọ tẹ́lẹ̀ kó tó fọ́. Ẹ tú hóòsì tó ń dá ọ́ìlì padà sínú agolo rẹ̀, kí ẹ kì í bọ inú kéègì, kí ẹ wá máa yí sítíárìn láti òpin dé òpin láìtan ẹ́ńjìnnì. Ọ́ìlì á máa tú jáde títí á fi di afẹ́fẹ́. Ẹ má dà á sí gọ́tà o. Ibo lẹ rò pé ó ń lọ? Odò Ọ̀ṣun níwájú níbẹ̀. Àwọn tó ń fi ọ́ìlì dúdú pa igi òrùlé máa ń gbà á lọ́wọ́ wa.

Nígbà tó bá ti gbẹ, ẹ yí táyà sí iwájú gbọọrọ, ẹ yọ kọ́kọ́rọ́, ẹ fi bẹ́líìtì ìjókòó so sítíárìn mọ́lẹ̀ kó má lè yí. Ẹ tú ẹsẹ̀ nẹ́gétíìfù bátìrì náà. Àwọn MX-5 tó ti Amẹ́ríkà wá ní airbag níwájú awakọ̀, wáyà pẹlẹbẹ kan sì ká jọ sẹ́yìn sítíárìn fún un. Bí sítíárìn bá ń yí kiri nígbà tí kò so mọ́ ráàkì mọ́, wáyà yẹn á já ní ọjọ́ tí ẹ bá kọ́kọ́ kọ́nà.

Pọ́ǹpù kò le yọ: páìpù méjì, bóòtù díẹ̀, ó bọ́ sílẹ̀. Ibi tó ti máa ń dí àwọn èèyàn lọ́wọ́ ni AC. Bẹ́líìtì kan náà ló ń yí pọ́ǹpù páwà àti kọ̀mpírẹ́sọ̀ AC, pọ́ǹpù yẹn sì ni ẹ fi ń fa bẹ́líìtì le. Bí ẹ bá yọ pọ́ǹpù, kò sí ohun tó máa fa bẹ́líìtì mọ́. Ẹ nílò púlì kan tó ń yí lásán, pẹ̀lú irin tó máa gbé e sí ààyè pọ́ǹpù, tí ẹ sì lè fà síwá sẹ́yìn. Àwọn kan á ní kí ẹ kúkú yọ AC náà, pé ọkọ̀ tó ń ṣí òrùlé kì í lo AC. Kí oòrùn oṣù kẹta bá wọn nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Ọláìyá lọ́sàn-án gangan, a ó jọ sọ̀rọ̀. Ẹ jẹ́ kí AC wà. Bí púlì bá ti dúró síbi tó máa wà, ẹ fi okùn wọn ọ̀nà bẹ́líìtì, kí ẹ gbé okùn yẹn lọ fi ra bẹ́líìtì tuntun. Wáyà kékeré kan wà lára pọ́ǹpù tó ń sọ fún kọ̀ǹpútà ọkọ̀ pé sítíárìn ń fa agbára. Ẹ yọ ọ́, ẹ fi téèpù dì í, ẹ so ó sápá kan. Ẹ́ńjìnnì ò ní bínú.

Kí ẹ tó yọ ráàkì, ẹ fi ṣọ́ọ̀kì funfun sàmì sí ibi tí ọ̀pá sítíárìn ti wọ inú rẹ̀, kí ẹ sì ka iye eyín tó hàn lára táírọ́ọ̀dù (ọ̀pá tó so ráàkì mọ́ táyà) apá òsì àti ọ̀tún. Ẹ yọ táírọ́ọ̀dù lára táyà, ẹ tú bóòtù tó fún ọ̀pá sítíárìn mọ́ ráàkì, ẹ tú àwọn kíláàmù tó dè é mọ́ irin ìsàlẹ̀, ráàkì á bọ́ sí yín lọ́wọ́. Ẹ wò ó dáadáa bí rọ́bà ẹnu rẹ̀ bá ti ya. Bó bá ti ya, ìyẹ̀pẹ̀ ti wọlé, eyín inú rẹ̀ sì lè ti jẹ. Ráàkì tó ti jẹ, ẹ má fi owó wẹ́dà ṣòfò lé e lórí.

Ó yá, ẹ nu tábìlì. Ẹ yọ nọ́ọ̀tì ńlá tó wà lẹ́yìn ráàkì, èyí tó fún sípíríǹgì tó ń ti ọ̀pá eyín mọ́ pínìọ̀nù (eyín róbótó tí sítíárìn ń yí), ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ sàmì sí ibi tó dúró sí. Ẹ fa pínìọ̀nù jáde, kí ẹ tó fa ọ̀pá ráàkì gba ẹ̀gbẹ́ kejì. Ní ara ọ̀pá yẹn ẹ máa rí písítìnì kékeré kan tí òrùka dúdú yí ká. Òrùka yẹn ni ọ̀tá. Òun ló pín ọ̀nà ọ́ìlì sí méjì, òun náà ló ń fún afẹ́fẹ́ mọ́lẹ̀ bí ọ́ìlì bá tán. Ẹ fi bíléèdì gé e, títí kan rọ́bà tó wà lábẹ́ rẹ̀. Irin písítìnì kò ní kan nǹkan kan mọ́, afẹ́fẹ́ á sì máa kọjá lára rẹ̀. Síìlì wà láàárín ilé pínìọ̀nù àti ilé ọ́ìlì: ẹ fi irin gígùn gbá a jáde láti òdì kejì, kí gírísì lè máa kọjá. Búùṣì tó gbé òpin ọ̀pá ró ńkọ́? Ẹ má fọwọ́ kàn án! Síìlì inú rẹ̀ nìkan lẹ ń yọ. Mo ti rí ráàkì tí wọ́n yọ búùṣì rẹ̀ dànù mọ́ ọn, tí ọ̀pá wá ń dún gbàǹgbàǹ nínú páìpù bí agogo ṣọ́ọ̀ṣì.

Pínìọ̀nù ló kù, òun ló sì gba sùúrù. Bí ẹ bá mú un dání, ó dà bí ọ̀pá kan ṣoṣo, ṣùgbọ́n méjì ni: apá òkè tí sítíárìn so mọ́, àti eyín ìsàlẹ̀ tó ń ti ráàkì. Ọ̀pá tín-ín-rín kan ló so wọ́n pọ̀ láti inú. Ẹ fi vice di eyín mú, kí ẹ yí apá òkè, ẹ máa rí i tó ń yí díẹ̀ kí eyín tó gbọ́. Yíyí díẹ̀ yẹn ló ń ṣí fáàfù fún ọ́ìlì nígbà tí páwà ṣì wà. Ní báyìí tí páwà ti lọ, ó ti di ìjọ̀ọ́ lásán: ọwọ́ ti yí, táyà kò tíì mọ̀. Nítorí náà a máa ń jó apá méjèèjì pọ̀.

Kì í ṣe wẹ́dà tó ń jó géètì ló máa jó o. TIG ni, irú wẹ́dà tó máa ń jó ojú kékeré, pẹ̀lú gáàsì, kí iná rẹ̀ má pọ̀. Bàbá kan tó ti ṣiṣẹ́ rí ní ilé-iṣẹ́ Machine Tools, kò jìnnà sí wa lójú ọ̀nà Ìkìrun yìí, ló ń bá mi ṣe é. Bó ṣe ń ṣe é rèé. Ó máa yọ bíárìnnì àti gbogbo òrùka ike tó wà lára fáàfù, torí wọ́n á yọ́. Ó máa fi ọ̀pá sílẹ̀ kó padà sí àárín fúnra rẹ̀, kò ní fọwọ́ yí i. Ó tọ́ iná sí i ní ojú kan, ó yí i padà, ó tọ́ ọ ní òdì kejì, ó gbé e kalẹ̀ kó tutù. Kò jẹ́ bu omi sí i láéláé, torí irin líle tí omi bá bá lójijì á di èyí tó ń tètè ṣẹ́. Lẹ́yìn náà ló ń gbé e sórí ẹ̀rọ lathe kó yí i wò bóyá ó tẹ̀, kó sì ha ibi tó bá wú jù kí bíárìnnì lè wọlé padà.

Àwọn kan ń bẹ̀rù jíjó yìí, mi ò sì bá wọn jà. Ṣùgbọ́n inú pínìọ̀nù yẹn ní eyín ìdádúró tó ń gbá ara wọn mú bí ọ̀pá tín-ín-rín bá yí jù. Bí ojú tí a jó bá là, sítíárìn ò ní já, ìjọ̀ọ́ yẹn nìkan ló máa padà. Bí ẹ kò bá rí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ dá yín lójú, ẹ fi í sílẹ̀ láìjó o. Ìjọ̀ọ́ díẹ̀ sàn ju iṣẹ́ gbàrọ̀gùdù lára sítíárìn.

Ẹ fi kẹrosíìnì fọ gbogbo rẹ̀, ẹ jẹ́ kó gbẹ, ẹ fi gírísì pa eyín àti búùṣì dáadáa. Ẹ má rọ gírísì kún inú páìpù. Ẹ dá nọ́ọ̀tì ẹ̀yìn padà sí àmì rẹ̀. Àwọn ojú ihò tí páìpù ọ́ìlì ti ń wọlé, ẹ fi bóòtù tó bá wọn mu dí wọn, torí eruku ọyẹ́ Òṣogbo kò mọ ilé onílé.

Kí ẹ tó sọ táyà kalẹ̀, ẹ yí sítíárìn láti òpin dé òpin. Kò gbọdọ̀ há níbì kankan. Lẹ́yìn náà, alignment. Ẹ sọ fún ẹni tó ń ṣe é pé ọkọ̀ kò ní páwà mọ́, kó dín caster (bí ọ̀pá tí táyà ń yí lé ṣe dagẹ̀rẹ̀ sẹ́yìn) kù díẹ̀. Bó bá pọ̀ jù, sítíárìn á wúwo, bó bá sì kéré jù, kò ní fúnra rẹ̀ padà sáàárín lẹ́yìn kọ́nà. Afẹ́fẹ́ táyà náà ṣe pàtàkì. 26 psi ni Mazda kọ fún un, bó bá lọ sílẹ̀ jùyẹn lọ, apá yín á sọ fún yín. Ẹ má fi táyà fífẹ̀ sí iwájú, ẹ má sì ra sítíárìn róbótó kékeré torí pé ó rẹwà.

Ọmọbìnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ báńkì ní Ògo-Olúwa bi mí léèrè nígbà tó wá gbé tiẹ̀ pé, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé màá lè yí i ní Ọjà Ọba báyìí?" Mo ní kó jókòó, kó tan ọkọ̀, kó jẹ́ kí táyà kọ́kọ́ rìn díẹ̀, kó tó yí ọwọ́. Ó yí i pẹ̀lú ọwọ́ kan, ó bú sẹ́rìn-ín. Ọkọ̀ tó dúró gbagidi ló ń le. Oṣù kẹjọ nìkan ni mo ní kó fi ilé sílẹ̀ pẹ̀lú ọkọ̀ mìíràn, nígbà tí èrò ọdún Ọ̀ṣun bá kún ọ̀nà, tó jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kan lọ, ẹ̀ẹ̀kan dúró ni.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ẹ tún gbé e sókè kí ẹ fún gbogbo bóòtù wò, pàápàá èyí tó mú ọ̀pá sítíárìn. Bí owó bá sì wà, ráàkì àlòkù mìíràn ni kí ẹ ra fún iṣẹ́ yìí, kí ẹ gbé ti inú ọkọ̀ pamọ́ pẹ̀lú pọ́ǹpù àti páìpù rẹ̀. Ráàkì tí a ti jó kò ṣeé dá padà sí páwà mọ́, ẹni tó bá sì fẹ́ ra ọkọ̀ yẹn lọ́wọ́ yín lọ́la lè béèrè rẹ̀.