Ihò AC àtijọ́ tó wà lára ògiri yín ṣì wúlò

Àbíkẹ́yìn mi, ọmọ ọdún méje tó kọ̀ jálẹ̀ pé òun kò ní í kúrò ní yàrá èmi àti ìyá rẹ̀, ló bi mí lálẹ́ ọjọ́ kan pé, "Dádì, ṣé ìta ni AC ti ń mú atẹ́gùn tútù yìí wá?" Ó ti lé lógún ọdún tí mo ti ń tún AC ṣe ní Mọ́kọ́lá, n'Íbàdàn. Mo la ẹnu láti dá a lóhùn, mo tún pa á dé. Páìpù kọ́pà méjì, wáyà àti páìpù omi nìkan ló gba ara ògiri kọjá láti ara split, AC alápá méjì tí a ń lò báyìí, lọ síta. Atẹ́gùn kankan kò bá wọn wọlé. Afẹ́fẹ́ inú yàrá náà ni AC ń fà mọ́ra, tó ń mú tutù, tó ń gba omi ara rẹ̀, tó sì ń fẹ́ padà sí wa lójú títí ilẹ̀ á fi mọ́. Afẹ́fẹ́ àlòkù ni. AC ojú fèrèsé ayé àtijọ́ tiẹ̀ sàn díẹ̀: ọ̀pọ̀ wọn ní ọwọ́ kékeré kan tí ẹ bá fà á, á ṣí ihò kan sí ìta, àmọ́ mélòó nínú wa ló mọ ohun tó wà fún?

Mo ra mítà kékeré tó ń ka kábọ́ọ̀nù dàyọ́sáídì, èyí tí a ń mí síta. Ní ìta, ó ka nǹkan bíi 430 nínú mílíọ̀nù kan. Nínú yàrá wa, ní aago márùn-ún ìdájí, ilẹ̀kùn àti fèrèsé ní títì, ó ka 2,600. Abájọ tí orí mi fi máa ń wúwo tí mo bá jí.

Ìyá Tóbi ní ká máa ṣí fèrèsé. Ẹ̀fọn ńkọ́? Èéfín jẹnẹrétọ̀ ńkọ́? Ooru àti ọ̀rinrin tí AC yóò máa bá wọ̀yá ìjà títí dòwúrọ̀ ńkọ́? Ohun tí mo lọ wá ni ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní ERV.

Fáànù méjì ló wà nínú rẹ̀. Ọ̀kan ń lé afẹ́fẹ́ àlòkù jáde, èkejì ń fa tuntun wọlé. Àwọn méjèèjì á pàdé nínú kókó kan tí wọ́n fi awẹ́ tín-ín-rín bíi bébà tò léra, ṣùgbọ́n wọn kì í dàpọ̀: èyí tó ń jáde ń gba ẹ̀gbẹ́ kan awẹ́ náà, èyí tó ń wọlé ń gba ẹ̀gbẹ́ kejì. Otútù ara èyí tó ń lọ á mú èyí tó ń bọ̀ tutù, púpọ̀ nínú ọ̀rinrin èyí tó ń bọ̀ á sì gba ara awẹ́ kọjá, á bá èyí tó ń lọ jáde. Ẹ má fi HRV pè é. Orúkọ wọn jọra, ṣùgbọ́n ooru nìkan ni HRV ń pààrọ̀. Ọ̀rinrin ìta á bá yín wọlé pátá. Ẹ jẹ́ kí àwọn ará ilẹ̀ olótùútù máa lo ìyẹn.

Ní ti ibi tó máa gbà: nígbà tí a pa AC ojú fèrèsé tì tí a bọ́ sórí split, ọ̀pọ̀ ilé ló kàn fi pákó pẹlẹbẹ dí ihò rẹ̀, wọ́n kùn ún lọ́dà, ó parí. Tiwa fẹ̀ tó ínṣì 26, ó ga tó ínṣì 17, nínú ògiri búlọ́ọ̀kù oníínṣì mẹ́sàn-án. Inú ihò yẹn ni gbogbo iṣẹ́ yìí wà. Split yín kò ní ohun tó ń ṣe níbẹ̀. Ẹni tó bá ní òun fẹ́ lu ihò sára AC yín kí afẹ́fẹ́ lè gba ibẹ̀ wọlé, ẹ fún un lówó ọkọ̀ kó máa lọ.

Kí ẹ tó mú hámà, ẹ lọ dúró síta ní ẹ̀gbẹ́ ihò náà lálẹ́, lásìkò tí NEPA bá mú iná lọ tí gbogbo àdúgbò ti tan jẹnẹrétọ̀. Ibẹ̀ ni ẹ óò ti mọ̀ bóyá ẹ lè ṣe é tàbí ẹ kò lè ṣe é. ERV kì í sẹ́ èéfín. Kábọ́ọ̀nù mónósáídì inú èéfín jẹnẹrétọ̀ kò ní òórùn, kò ní àwọ̀, á gba inú asẹ́ kọjá bí ẹni pé kò sí asẹ́ níbẹ̀, ó sì ti pa odidi ìdílé mọ́jú rí ní ilẹ̀ yìí. Ihò méjì ló wà nílé wa. Ti yàrá àwọn ọmọ ni mo kọ́kọ́ fẹ́ ṣe, ṣùgbọ́n ẹ̀yìnkùlé ló wà, jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò kò sì jìnnà sí i ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́jọ lọ. Mo fi pákó rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe wà. Ti yàrá wa kọjú sí iwájú ilé, níbi igi máńgòrò, èéfín kankan kò sí níbẹ̀. Síbẹ̀, mo ra aago tó ń ké tí kábọ́ọ̀nù mónósáídì bá wọlé, mo gbé e kọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn. Ẹ má fi owó ìyẹn ra nǹkan mìíràn.

Ẹ̀rọ náà kò gbọdọ̀ kéré jù. Ìlànà 62.2 ti ASHRAE, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ amúlétutù ní Amẹ́ríkà, ni mo yá lò: CFM (ẹsẹ̀ bàtà kúbíìkì afẹ́fẹ́ ní ìṣẹ́jú kan) 7.5 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, àti CFM 3 fún 100 ẹsẹ̀ bàtà ilẹ̀. Yàrá wa jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 12 sí 14, ìyẹn 168, ó gba CFM 5. Àwa mẹ́ta gba 22.5. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 27.5, mo wá mú oní-30. Ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Houston ló fi ránṣẹ́, bẹ́ẹ̀ fóòtì 120 ni tọ̀hún. Tí ẹ bá ki irú rẹ̀ bọ iná wa, á jó lójú ẹsẹ̀. Mo fi stepdown sí i. Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sí ara rẹ̀ dáadáa, kí ẹ rí i pé mọ́tò rẹ̀ lè gba 50 hertz tí iná wa ń lò, nítorí stepdown kì í yí ìyẹn padà.

Ó yá, iṣẹ́ dé. Èmi àti Sùnkànmí, ọmọ iṣẹ́ mi, yọ pákó náà kúrò lówùúrọ̀ Sátidé. Ìtẹ́ ẹyẹ méjì la kọ́kọ́ kó jáde. A fi páìpù PVC oníínṣì mẹ́rin méjì gba inú ihò náà, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì. Ẹ jẹ́ kí méjèèjì dagun díẹ̀ wálẹ̀ sí ìta, kí òjò má baà ṣàn wọlé. Kí bíríkìlà tó fi búlọ́ọ̀kù àti sìmẹ́ńtì dí àárín wọn, ẹ ti fi fóòmù dúdú, irú èyí tí a fi ń wé páìpù kọ́pà split, wé wọn láti orí dé ìdí. Àwọn kan á ní kò pọn dandan. Ó pọn dandan. Tí afẹ́fẹ́ olóoru láti ìta bá kan páìpù tí yàrá ti mú tutù, páìpù náà á máa làágùn nínú, láìpẹ́ ògiri á hu èébu.

Ní ìta, ẹnu ìwọlé àti ẹnu ìjáde kò gbọdọ̀ sún mọ́ra, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, àlòkù tí ẹ lé jáde ni ẹ óò tún fà wọlé. Mo fi ẹ́líbò darí ti ìjáde lọ sí ẹ̀gbẹ́ títí ó fi jìnnà sí èkejì ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà. Mo dojú ẹnu méjèèjì délẹ̀, mo fi nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn sí wọn lẹ́nu. Nẹ́ẹ̀tì yẹn máa ń dí kíákíá, ẹ máa fọ̀ ọ́ lóṣooṣù.

Ní ti iná, sọ́kẹ́ẹ̀tì 15 amps tí AC àtijọ́ ń lò wà níbẹ̀. A pa iná láti ibi bọ́ọ̀dù, a fi ti 13 amps rọ́pò rẹ̀, a fi fíúsì 3 amps sínú púlọ́ọ̀gì. Ẹ̀rọ náà ń jẹ wáàtì 35 péré, ìnfátà gbé e mọ́jú láìmí kanlẹ̀.

Ibi tí mo ti ṣìṣe ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ sí. Mo darí ẹnu tó ń tú afẹ́fẹ́ tuntun sínú yàrá sí iwájú split, mo ní kí AC lè tètè mú un tutù. Lóru ọjọ́ náà, Ìyá Tóbi gbọ̀n mí jí. "Bàbá Tóbi, AC yín ń sunkún sórí bẹ́ẹ̀dì o." Lóòótọ́ ni, omi ń kán tó-tó-tó. Nílẹ̀ tó mọ́, Sùnkànmí ní, "Ọ̀gá, ó jọ pé páìpù omi ló dí." Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀, a fẹ́ páìpù náà mọ́ tónítóní, omi kò dúró. Ọ̀sán ni mo tó fọwọ́ kan abẹ̀bẹ̀ ẹnu AC tí mo rí i pé ìrì ló bò ó. Kókó ERV kì í gba gbogbo ọ̀rinrin tán. Èyí tó kù ló ń lu ibi tó tutù jù lọ lára AC, tó ń di omi. Òkè orí split ni AC ti ń fa afẹ́fẹ́ mọ́ra. Apá ibẹ̀ ni kí ẹ darí ẹnu náà sí, kí ó gba inú AC kọjá, kí omi rẹ̀ sì ṣàn gba ojú ọ̀nà tirẹ̀. Ibi tí ẹ̀rọ yóò ti máa fa àlòkù, ẹ jẹ́ kó wà nísàlẹ̀, kó jìnnà sí i.

Lẹ́yìn náà, ẹ dán an wò. Mo mú làílọ́ọ̀nù ìdọ̀tí tó ń gba lítà 60, mo tẹ̀ ẹ́ pẹrẹsẹ, mo fi bo ẹnu tó ń tú afẹ́fẹ́ tuntun sínú yàrá. Tí ó bá kún láàárín ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́rin sí márùn-ún, ẹ̀rọ oní-30 ń ṣiṣẹ́ rẹ̀. Tiwa gba mẹ́jọ lákọ̀ọ́kọ́. Fóòmù ló fẹ́ bọ́ sínú ẹnu páìpù. Ẹ tún tan kọ́ìlì ẹ̀fọn sí abẹ́ ilẹ̀kùn tó wà ní títì. Èéfín rẹ̀ yẹ kó kàn máa gòkè. Tó bá ń sáré wọ yàrá, ìjáde ti pọ̀ ju ìwọlé lọ, yàrá yín á sì máa fa afẹ́fẹ́ ilé ìdáná àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀.

Asẹ́ rẹ̀ ni mo ń fọ̀ lóṣooṣù, ṣùgbọ́n tí ọyẹ́ bá dé, ọ̀sẹ̀ méjì-méjì ni, nítorí eruku. Kókó inú rẹ̀, tó bá jẹ́ oníbébà bíi tiwa, ẹ má kì í bọ omi láéláé. Búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ tó o.

Ní ìdájí àná, mítà ka 1,100. Àwọn ọmọ tó kù ti ń bi mí ìgbà tó máa kan yàrá tiwọn. Mo ti lọ bá aládùúgbò wa ẹ̀ẹ̀mejì nítorí jẹnẹrétọ̀ yẹn. Ó ní, "Ẹ má bínú, Bàbá Tóbi, tí òjò bá ti dá, máa gbé e kúrò níbẹ̀." Pákó ṣì wà níbẹ̀.